Lata Mangeshkar: Ohùn tí gbogbo Íńdíà mọ̀, orúkọ tí wọn kò kọ sí ara àwo

Ní ọdún 1949, fíìmù kan jáde ní ìlú Bombay ní orílẹ̀-èdè Íńdíà. Mahal ni orúkọ rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ààfin. Nínú fíìmù náà, ọkùnrin kan dé ilé ńlá àtijọ́ kan, ó sì ń gbọ́ ohùn obìnrin kan tí ń kọrin láti òkèèrè. Ohùn náà ń sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ẹni tí ó ni ín. Madhubala, òṣèrébìnrin tí ẹwà rẹ̀ gba ẹnu gbogbo ènìyàn kan nígbà náà, ni ó fara hàn gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń kọrin. Ètè rẹ̀ ń mì, ojú rẹ̀ ń dán, orin náà sì dùn dé ibi pé kò pẹ́ tí ó fi gba ìgboro kan. Nígbà tí àwo orin náà dé ọjà, orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sí i lára gẹ́gẹ́ bí olórin ni Kamini. Kamini kì í ṣe ènìyàn ẹlẹ́ran ara. Orúkọ ẹ̀dá ìtàn tí Madhubala ṣe nínú fíìmù ni. Ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó kọ orin náà gan-an, tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tí ì ju ogún ọdún lọ, kò sí orúkọ rẹ̀ níbi kankan lára àwo.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ wà níbòòji. Lata Mangeshkar ni ọ̀dọ́mọbìnrin náà. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ti kọ ìtàn ayé rẹ̀ ni wọ́n fi adùn ohùn rẹ̀ ṣe ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀, èyí kò sì burú. Ṣùgbọ́n ìjà mìíràn wà nínú ìtàn náà tí ó tó ohun tí à ń fi ìwé kọ: ìjà láti jẹ́ kí ayé mọ̀ pé ẹni tí ń kọrin wà, pé ó ní orúkọ, àti pé ó ní ẹ̀tọ́ sí èrè iṣẹ́ rẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yé ni yékéyéké, ó yẹ kí a mọ bí iṣẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Fíìmù Íńdíà àkọ́kọ́ tí ó ní ohùn ni Alam Ara, tí Ardeshir Irani ṣe ní 1931. Orin méje ni ó wà nínú rẹ̀, láti ìgbà náà ni orin sì ti di iyọ̀ inú ọbẹ̀ fún fíìmù Íńdíà. Òṣèré fúnra rẹ̀ ni ó ń kọrin níwájú kámẹ́rà nígbà náà. Àwọn onílù àti àwọn afunfèrè a fara pamọ́ sẹ́yìn igi tàbí sẹ́yìn aṣọ kí kámẹ́rà má baà rí wọn. Nítorí náà, ẹni tí ó rẹwà ṣùgbọ́n tí kò lóhùn kò fi bẹ́ẹ̀ rọ́wọ́ mú. Ní 1935, ilé-iṣẹ́ New Theatres ní Calcutta dá ọgbọ́n mìíràn nínú fíìmù Dhoop Chhaon, èyí tí Nitin Bose darí, tí R. C. Boral sì ṣe orin rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ gba ohùn olórin sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá ń ya àwòrán, wọ́n gbé orin náà sí i, òṣèré sì ń mi ètè tẹ̀lé e. Bí iṣẹ́ olórin afohùnyáni ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ẹni tí ń fi ohùn tirẹ̀ yá ojú ẹlòmíràn.

Kò yẹ kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣàjèjì sí Yorùbá, tí ó mọ ohùn tí ń ti abẹ́ agọ̀ jáde. Síbẹ̀, ìyàtọ̀ wà níbẹ̀. Ní ìdí eégún, ọ̀wọ̀ ni ó ń mú kí àwọn tí ó mọ ẹni tí ó wà lábẹ́ aṣọ pa ẹnu wọn mọ́. Ní ìdí fíìmù Íńdíà, owó ni. Àwọn agbéfíìmùjáde fẹ́ kí òǹwòran gbà pé òṣèrébìnrin arẹwà náà ni ó tún ní ohùn iyọ̀, nítorí pé ojú rẹ̀ ni ó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì.

Ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1929 ni wọ́n bí Lata ní ìlú Indore, ní àárín gbùngbùn Íńdíà. Hema ni orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí i padà sí Lata, láti ara Latika, orúkọ obìnrin kan nínú eré orí ìtàgé kan tí bàbá rẹ̀ ṣe. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti inú eré wá ni wọ́n tún padà wá fi orúkọ ẹ̀dá inú eré bò mọ́lẹ̀! Bàbá rẹ̀, Deenanath Mangeshkar, jẹ́ gbajúgbajà olórin àti òṣèré orí ìtàgé ní èdè Marathi, ó sì ní ẹgbẹ́ eré tirẹ̀. Ọmọ márùn-ún ni òun àti ìyàwó rẹ̀ bí tí wọ́n dàgbà: Lata ni àkọ́bí, Meena, Asha, Usha àti Hridaynath sì tẹ̀lé e. Gbogbo wọn pátá ni ó fi orin ṣiṣẹ́ ṣe.

Ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ni ó ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. Lata fúnra rẹ̀ ni ó máa ń sọ pé ní ọjọ́ kan, nígbà tí òun wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún márùn-ún, bàbá òun jáde fún ìgbà díẹ̀, ó sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan máa dá orin kọ́ títí òun yóò fi dé. Ọmọbìnrin kékeré náà gbọ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ náà ń ṣi orin náà kọ. Ó wọlé tọ̀ ọ́, ó sì fi bí ó ṣe yẹ kí ó rí hàn án. Bàbá ti dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó dúró, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni ó jí i, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ.

Ẹ̀kọ́ náà kò pẹ́. Bí fíìmù ṣe ń gbilẹ̀ ni eré orí ìtàgé ń rọ̀, ẹgbẹ́ Deenanath sì wó. Ní oṣù Kẹrin 1942, ó kú ní ìlú Pune, láìfi ohun púpọ̀ sílẹ̀ fún àwọn tirẹ̀. Lata kò tí ì pé ọmọ ọdún 13. Òun ni àkọ́bí, ìyá rẹ̀ sì wà nílé pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin mìíràn. Bí ẹrù ilé ṣe bọ́ sí orí rẹ̀ nìyẹn. Ní ọdún náà gan-an ni ó kọ orin fíìmù àkọ́kọ́ rẹ̀, fún fíìmù Marathi kan tí ń jẹ́ Kiti Hasaal. Wọ́n yọ orin náà kúrò kí fíìmù tó jáde. Master Vinayak, ọ̀rẹ́ ìdílé wọn tí ó ní ilé-iṣẹ́ fíìmù, ni ó gbà á sí iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí òṣèré kékeré. Lata kò fẹ́ràn eré ṣíṣe rárá: àtíkè ojú, iná tí ń mú ojú, kí ènìyàn máa sunkún tàbí kí ó máa rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n bá ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n oúnjẹ gbọ́dọ̀ dé ilé. Ó ṣe é títí tí ilé-iṣẹ́ náà fi kó wá sí Bombay ní 1945, ìlú tí orúkọ rẹ̀ di Mumbai ní 1995. Ibẹ̀ ni ó ti lọ bá Ustad Aman Ali Khan kọ́ orin ìjìnlẹ̀ ilẹ̀ Íńdíà.

Ní Bombay, Ghulam Haider, olùdarí orin kan tí ó ti Lahore wá, gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó mú un lọ sọ́dọ̀ Sashadhar Mukherjee, agbéfíìmùjáde tí ń ṣe fíìmù Shaheed lọ́wọ́. Mukherjee gbọ́ ọ, ó ní ohùn náà tín-ín-rín jù. Kò yani lẹ́nu. Ohùn tí ó gbòde nígbà náà jẹ́ ohùn tí ó kún, tí ó wúwo, irú ti Noor Jehan àti Shamshad Begum. Inú bí Haider. Ó sọ fún Mukherjee pé ọjọ́ ń bọ̀ tí àwọn agbéfíìmùjáde yóò máa wólẹ̀ bẹ ọmọbìnrin yìí kí ó wá kọrin fún wọn. Nígbà tí wọ́n dé ibùdókọ̀ ojú irin ní Goregaon, bí wọ́n ti ń dúró de ọkọ̀, Haider mú agolo sìgá rẹ̀, ó ń fi ìka lù ú bí ìlù, ó ní kí Lata kọ orin tuntun kan sí i. Orin náà ni ó kọ nínú fíìmù Majboor ní 1948, òun sì ni orin fíìmù Hindi àkọ́kọ́ tí àwọn ènìyàn fi mọ ohùn rẹ̀. Haider padà lọ sí Pakistan, ó sì kú ní 1953, lẹ́yìn tí àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ti ṣẹ.

Ìgbà náà kan náà ni nǹkan mìíràn ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin. Dilip Kumar, òṣèrékùnrin tí ìràwọ̀ rẹ̀ ń yọ, gbọ́ pé ọmọ Marathi ni Lata, ó sì fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé òórùn ìrẹsì àti ẹ̀wà máa ń wà nínú Urdu tí àwọn Marathi bá sọ. Urdu ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ orin fíìmù nígbà náà. Ọ̀rọ̀ náà dun Lata wọra, ṣùgbọ́n kò fi bínú jókòó sílé. Ó wá olùkọ́ Mùsùlùmí kan tí ó ń kọ́ ọ ní Urdu, títí tí ó fi ń pe ọ̀rọ̀ bí ẹni tí a bí sí i. Yorùbá tí ó mọ bí ọkọ́, ọkọ̀ àti ọkọ ṣe jìnnà sí ara wọn kò ní fojú kékeré wo irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi ń da ọ̀rọ̀ orin kọ sínú ìwé kí ó tó kọ ọ́ lórin, bàtà kì í sì í wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bí ó bá dúró níwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí gan-an yẹ kí a dúró lé lórí díẹ̀, nítorí pé àwọn tí wọ́n rò pé ẹ̀bùn ohùn nìkan ni kò mọ̀ ọ́n. Kò sí pé a ń gba orin sílẹ̀ ní ẹyọ ẹyọ nígbà náà kí a wá tò ó pọ̀. Olórin, àwọn tí ń ta gòjé, àwọn onílù, gbogbo wọn ni yóò wà nínú yàrá kan lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹnì kan bá ṣi ẹyọ ohùn kan péré ní ìparí orin, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni gbogbo wọn yóò ti tún un ṣe. Anil Biswas, olùdarí orin, ni ó kọ́ Lata bí a ti í mí láì jẹ́ kí ẹ̀rọ gbohùngbohùn gbọ́ èémí náà: ibi tí yóò ti mí láàárín ọ̀rọ̀, bí yóò ṣe yí ojú díẹ̀ kúrò níwájú ẹ̀rọ, tí yóò sì tètè yí i padà. Ní ti orin Mahal tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, Khemchand Prakash ni ó ṣe é, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ sì fẹ́ kí ohùn náà dún bí ẹni tí ń ti òkèèrè bọ̀. Kò sí ẹ̀rọ tí ó lè ṣe é fún wọn. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà ní àárín yàrá, Lata dúró sí igun kan, ó bẹ̀rẹ̀ orin níbẹ̀, ó ń kọ ọ́ bọ̀, ó ń rìn bọ̀, títí tí ó fi dé iwájú ẹ̀rọ ní ibi tí orin ti yẹ kí ó kún. Wọ́n ṣe é lọ, wọ́n ṣe é bọ̀, kí ó tó bọ́ sí i.

Orin tí a ṣe báyìí ni wọ́n wá kọ Kamini sí. Ṣùgbọ́n àwọn olùgbọ́ kò gbà. Wọ́n ń kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ rédíò ìjọba, All India Radio, wọ́n ń béèrè ẹni tí ń kọrin náà. Nígbà tí lẹ́tà náà pọ̀, ilé-iṣẹ́ rédíò ránṣẹ́ sí HMV, ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe àwo, kí wọ́n dárúkọ olórin. Wọ́n dárúkọ rẹ̀, rédíò sì kéde rẹ̀. Láti ìgbà náà ni orúkọ olórin ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ara àwo ní Íńdíà gẹ́gẹ́ bí àṣà. Kì í ṣe ọ̀gá kankan ni ó fún wọn ní ipò yìí. Àwọn mẹ̀kúnnù tí wọ́n ń gbọ́ rédíò ni.

Ọdún 1949 náà ni Barsaat àti Andaz jáde, ohùn Lata ni ó sì gba gbogbo wọn kan. Ààyè tún ṣí sílẹ̀ fún un nítorí pé nígbà tí wọ́n pín Íńdíà sí méjì ní 1947, Noor Jehan ti lọ sí Pakistan. Láàárín ọdún díẹ̀, ohùn tí wọ́n ní ó tín-ín-rín ti di òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ohùn obìnrin yòókù. Ní 1952, B. V. Keskar, mínísítà tí rédíò wà lábẹ́ rẹ̀, gbìyànjú láti dín orin fíìmù kù lórí All India Radio. Lójú tirẹ̀, orin pálapàla ni. Àwọn ènìyàn kàn yí rédíò wọn sí Radio Ceylon ni. Ibẹ̀ ni Ameen Sayani ti bẹ̀rẹ̀ ètò Binaca Geetmala ní ìparí ọdún náà, ètò tí ń to orin fíìmù bí wọ́n ṣe gbayì sí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tí ó di 1957, ìjọba fúnra rẹ̀ dá ìkànnì Vividh Bharati sílẹ̀ kí àwọn olùgbọ́ lè padà wálé.

Orúkọ ti wà lára àwo, ṣùgbọ́n ọlá kò tí ì sí. Ìwé ìròyìn Filmfare bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn oníṣẹ́ fíìmù ní àmì-ẹ̀yẹ ní 1954. Òṣèré ń gbà á, olùdarí ń gbà á, olùdarí orin náà ń gbà á. Olórin kò sí níbẹ̀. Ní 1957, Shankar àti Jaikishan, àwọn méjì tí wọ́n jọ ń ṣe orin, gba àmì-ẹ̀yẹ fún orin fíìmù Chori Chori. Jaikishan wá bá Lata pé kí ó wá kọ ọ̀kan nínú àwọn orin náà ní alẹ́ ayẹyẹ. Lata ní òun kò ní kọ ọ́. Ó ní wọn kò fún olórin ní ẹ̀bùn, wọn kò sì fún ẹni tí ó kọ ọ̀rọ̀ orin. Orin lásán ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn, nítorí náà kí wọ́n lọ lu ohun èlò orin lásán fún àwọn àlejò láìsí ohùn àti ọ̀rọ̀. Jaikishan bínú, ṣùgbọ́n èsì kò sí fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó di 1959, Filmfare dá àmì-ẹ̀yẹ olórin sílẹ̀, Lata ni ó sì kọ́kọ́ gbà á, fún orin kan nínú Madhumati. Tọkùnrin tobìnrin ni ó jọ ń du ẹyọ kan náà títí di nǹkan bí ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà, kí wọ́n tó yà á sọ́tọ̀.

Ìjà tí ó wá le jù ni ti owó. Bí ó ti rí ni pé olórin ń gba owó iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní ọjọ́ tí ó bá kọrin. Bí àwo náà bá wá tà fún ogún ọdún, kò kàn án mọ́. Àwọn agbéfíìmùjáde ń gba ìpín lórí àwo tí ó bá tà, àwọn olùdarí orin tí ó lórúkọ sì ń gba ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún láti ọwọ́ wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Lata ní kí olórin náà ní ìpín. Ó retí pé Mohammed Rafi, tí ó jẹ́ ọ̀gá láàárín àwọn olórin ọkùnrin, yóò dúró tì í. Rafi kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá ti san owó tí a fẹnu kò lé lórí fún olórin, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹni tí ó fi owó rẹ̀ wéwu láti ṣe fíìmù ni ó ni èrè, nítorí pé bí fíìmù náà bá kùnà, kò sí ẹni tí yóò wá bá olórin gba owó padà.

Onínúure ènìyàn ni Rafi, àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n jẹ́rìí sí i pé ó máa ń kọrin fún ẹni tí kò lówó ní iye tí kò tó nǹkan. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n wá fún ẹni tí ó ní ìtẹ́lọ́rùn. Ṣùgbọ́n kò wo iwájú tó. Rafi kú ní oṣù Keje 1980, àwo rẹ̀ kò sì dẹ́kun títà láti ìgbà náà; bí a bá tẹ̀lé ìlànà tirẹ̀, kò sí kọ́bọ̀ nínú èyí tí ó kan olórin tàbí àwọn ọmọ tí ó fi sílẹ̀. Lata, tí ó ti rí bí ilé olórin ṣe ń rí lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀, mọ ohun tí òun ń sọ. Àwọn méjèèjì yodì. Láti nǹkan bí 1963 títí di 1967, ohùn méjì tí ó dùn jù lọ ní Íńdíà kò jọ kọrin papọ̀. Suman Kalyanpur ni ó jàǹfààní rẹ̀, nítorí òun ni wọ́n ń pè kí ó wá bá Rafi kọrin. Ohùn rẹ̀ jọ ti Lata tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ olùgbọ́ kò fi mọ ìyàtọ̀. Nígbà tí ó yá, wọ́n parí ìjà.

Àárín ìjà yìí ni ọjọ́ 27 oṣù Kìíní 1963 bọ́ sí. Íńdíà ti jagun pẹ̀lú Ṣáínà ní 1962, ó sì fìdí rẹmi. Ní pápá ìṣeré ní New Delhi, níwájú Jawaharlal Nehru, olórí ìjọba, Lata kọ orin kan tí Pradeep kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí C. Ramchandra sì ṣe orin rẹ̀, ní ìrántí àwọn ọmọ ogun tí wọ́n kú. Wọ́n ní omijé bọ́ lójú Nehru. Kì í ṣe orin fíìmù. Kò sí òṣèrébìnrin kankan tí ń mi ètè níwájú rẹ̀. Obìnrin kúkúrú kan tí ó wọ aṣọ funfun ni ó dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ohùn ara rẹ̀, gbogbo orílẹ̀-èdè sì ń gbọ́.

Ẹ̀sùn kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fi pa mọ́. Ọ̀pọ̀ ni ó sọ pé Lata àti àbúrò rẹ̀ Asha Bhosle dí ọ̀nà mọ́ àwọn olórin obìnrin yòókù, pé olùdarí orin tí ó bá pe ẹlòmíràn ń bẹ̀rù kí Lata má baà kọ iṣẹ́ rẹ̀. Lata sẹ́ ẹ títí tí ó fi kú. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé fún nǹkan bí ogójì ọdún, ẹni tí kì í bá ṣe ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ rí orin ńlá kọ. Kì í ṣe ọwọ́ wọn nìkan ni ẹ̀bi náà wà. Agbéfíìmùjáde tí ó ti ná owó gọbọi kò fẹ́ dán ohùn tuntun wò. Síbẹ̀, ẹni tí ó jà pé kí wọ́n má ṣe bo òun mọ́lẹ̀ ní agbára láti fa ẹlòmíràn sókè ju bí ó ti ṣe lọ. Lẹ́yìn tí ó gba àmì-ẹ̀yẹ Filmfare ti 1970, ó ní kí wọ́n má ṣe fún òun mọ́, kí àwọn ọ̀dọ́ lè rí i gbà. Ó dára, ṣùgbọ́n orin ni àwọn ọ̀dọ́ náà ń wá, kì í ṣe àmì-ẹ̀yẹ nìkan.

Ohun kan tún wà tí ó yani lẹ́nu nípa rẹ̀. Obìnrin tí ó fi ọdún púpọ̀ jà nítorí orúkọ fi orúkọ ara rẹ̀ pa mọ́ nígbà tí ó wù ú. Ní àwọn ọdún 1960, olùdarí orin kan tí ń jẹ́ Anandghan ń ṣe orin fún fíìmù Marathi, kò sì sí ẹni tí ó rí i rí. Fíìmù Sadhi Mansa ti 1965 gba àmì-ẹ̀yẹ ìjọba ìpínlẹ̀ Maharashtra fún orin. Wọ́n pe Anandghan, kò sí ẹni tí ó dìde. Lata jókòó sí àyè rẹ̀ títí tí ẹnì kan fi bọ́ sí iwájú, tí ó sọ fún gbogbo ènìyàn pé òun ni Anandghan.

Ní ti iye orin tí ó kọ, àsọdùn ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ìwé Guinness kọ ọ́ ní 1974 pé ó ti kọ orin tí kò dín ní 25,000. Rafi takò ó, ó ní tòun ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí àwọn tí wọ́n fara balẹ̀ ka orin fíìmù ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan ṣe iṣẹ́ wọn, wọ́n rí i pé tirẹ̀ ní èdè Hindi lé díẹ̀ ní 5,000, yàtọ̀ sí ti Marathi àti àwọn èdè mìíràn, Guinness sì yọ àkọsílẹ̀ náà kúrò ní 1991. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún orin kò kéré. Èyí tí ó ṣòro jù láti gbà gbọ́ ni bí ọjọ́ náà ṣe gùn tó: ohùn tí ó yá Madhubala ní 1949 ni ó yá Dimple Kapadia nínú Bobby ní 1973, òun ni ó yá Kajol ní 1995, òun náà ni ó yá Preity Zinta nínú Veer-Zaara ní 2004, nígbà tí olóhùn ti pé ẹni ọdún 75. Àwọn òṣèrébìnrin ń darúgbó, wọ́n ń fẹ̀yìn tì, ọ̀dọ́mọbìnrin ni ohùn náà ń jẹ́ lọ.

Ohùn yìí dé Nàìjíríà náà. Láti àwọn ọdún 1950 ni àwọn oníṣòwò ará Lẹ́bánónì ti ń kó fíìmù Íńdíà wọlé, pàápàá fún àwọn ilé sinimá Òkè Ọya. Fíìmù Mother India ti 1957 kò dẹ́kun fífi hàn ní Kano fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nargis ni ojú tí àwọn òǹwòran mọ̀. Lata wà lára àwọn tí ń kọrin níbẹ̀, ìwọ̀nba ènìyàn ni ó sì mọ orúkọ rẹ̀.

Oyè kò jìnnà sí i mọ́ ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀. Ní 1974, òun ni ọmọ Íńdíà àkọ́kọ́ tí ó kọrin ní gbọ̀ngàn Royal Albert Hall ní London. Ìjọba fún un ní ẹ̀bùn Dadasaheb Phalke ní 1989, ó wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà láti 1999 sí 2005, wọ́n sì fún un ní Bharat Ratna, oyè tí ó ga jù lọ ní Íńdíà, ní 2001. Ní ọdún 2001 náà ni ilé ìwòsàn tí wọ́n fi sọrí bàbá rẹ̀ ṣí ní Pune, ìlú tí bàbá náà kú sí nínú àìní. Kò lọ́kọ, kò sì bímọ.

Ọ̀rọ̀ ìpín lórí orin kò yanjú títí di 2012. Ní ọdún náà ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Íńdíà tún òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà ṣe, tí ó sì fi í sínú òfin pé olórin ní ìpín nínú owó tí orin rẹ̀ bá pa bí wọ́n bá ń lò ó fún òwò. Ní 2013, àwọn olórin dá ẹgbẹ́ tí yóò máa gba owó náà sílẹ̀, Indian Singers' Rights Association, Lata sì wà lẹ́yìn wọn. Ẹni ọdún 83 ni. Ó ti tó àádọ́ta ọdún tí òun àti Rafi ti bá ara wọn jà lórí ọ̀rọ̀ náà.

Ní oṣù Kìíní 2022, àrùn Kòrónà mú un, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Breach Candy ní Mumbai. Ó kú níbẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Kejì, ní ẹni ọdún 92. Ìjọba kéde ọ̀fọ̀ ọjọ́ méjì, wọ́n fa àsíá orílẹ̀-èdè sílẹ̀ dé ìdajì òpó, wọ́n sì sun òkú rẹ̀ ní Shivaji Park ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà pẹ̀lú ẹ̀yẹ ìjọba. Olórí ìjọba wá. Àwọn òṣèré wá. Àwọn tí kò rí àyè wọlé dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà tí ọkọ̀ òkú ń gbà kọjá, wọ́n ń wo ojú ẹni tí wọ́n ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìgbà èwe wọn.